Kókó tó rọ̀, tí ò dunni: bẹ́ ẹ ṣe máa fọwọ́ wá ìdí ẹ̀ kàn

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ̀yin dọ́kítà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn oníṣẹ́ abẹ, àti ẹ̀yin tí kókó wà lára yín tàbí lára màmá yín nílé tẹ́ ẹ ń wò ó tẹ́ ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i, ẹ sún mọ́ ibí. Kílíńìkì àwọn oníṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Mainland l'Ékòó, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kókó ọ̀rá ò ní wọlé wá bá wa, ti ẹ̀yìn, ti èjìká, ti ọrùn, ti itan. Òun ni wọ́n ń pè ní lipoma. Nínú gbogbo kókó tó ń hù sínú ẹran ara àgbàlagbà, òun ló wọ́pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò sì ní wàhálà kankan.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kókó ọ̀rá máa ń rọ̀ àti pé kì í dunni. Òótọ́ ni. Àmọ́ jẹjẹrẹ ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní liposarcoma, òun náà lè rọ̀, ó lè wà lára èèyàn fún ọdún kan kó má dun olúwarẹ̀ rárá, ibẹ̀ ló ti ń mú wa. Torí náà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan kókó tó rọ̀, ẹ má tíì sọ nǹkan kan, ẹ wádìí ibi tó jókòó sí àti bó ṣe tóbi tó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, orí ìyẹn ló dá lé.

Ẹ ronú kan ẹran tí alápatà gbé kọ́ ní Oyíngbò. Awọ ló wà lókè pátápátá, èyí tó máa di pọ̀nmọ́. Ọ̀rá tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ọ̀rá, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó funfun tó ń dán bíi láílọ́ọ̀nù, ó wé mọ́ ẹran, tẹ́ ẹ bá ti gé ẹran rí ẹ máa mọ̀ ọ́n torí ó máa ń yọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan ẹran gangan, kó tó wá kan egungun. Bí ara tiwa náà ṣe tò nìyẹn. Kókó ọ̀rá tó wọ́pọ̀, inú ọ̀rá òkè yẹn ló máa ń wà, lórí awọ fẹ́lẹ́ yẹn. Èyí tó bá ti wà lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́, nínú ẹran, ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó láé.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Iná lè lọ nígbàkigbà, gbogbo wa la mọ̀, torí náà kí fóònù yín ní bátìrì, tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ máa wúlò fún nǹkan míì náà tí mo máa sọ níwájú. Ẹ wá tépù télọ̀ kan, èyí tó ní ínṣì lójú kan tó ní sẹ̀ntímítà lójú kejì. Ẹ fọwọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn kó lè gbóná díẹ̀ torí ọwọ́ tútù máa ń jẹ́ kí ẹran ara èèyàn le gbagidi, ẹ ò sì ní mọ èyí tó le nínú kókó àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rù.

Ẹ ní kí aṣọ kúrò níbẹ̀ dáadáa. Mo ti rí i tí wọ́n ń gbé búláòsì màmá sókè díẹ̀ tí wọ́n á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Ẹ fi ìró bo ibi tí ẹ ò ní í wò, ẹ ti ilẹ̀kùn, tó bá jẹ́ obìnrin tó sì jẹ́ ọkùnrin ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kí obìnrin kan dúró síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, tó bá dùn yín ẹ sọ fún mi." Wọ́n á fún yín lésì, ìgbà míì ìbéèrè ni wọ́n á fi dáhùn: "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ báyìí?" Ẹ má ṣèlérí. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná, ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí fún wọn.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kẹ́ ẹ tó wò ó. Ìgbà wo lẹ rí i? Báwo ló ṣe tóbi nígbà yẹn? Àwọn èèyàn wa ò kì í sọ sẹ̀ntímítà, wọ́n á ní bí ẹ̀pà, bí orógbó, bí agbálùmọ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì ní í sọ oṣù, Iléyá àti Kérésì ni wọ́n á fi ṣírò ẹ̀. Ẹni tó bá ní ó ti wà bí agbálùmọ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ tí ò yí padà yàtọ̀ gidi sí ẹni tó ní nígbà Iléyá tó kọjá bí ẹ̀pà ni, báyìí ó ti tó ọsàn. Ṣé ó ń dùn wọ́n, pàápàá lóru? Ṣé wọ́n ti gé e rí tó tún hù padà? Ṣé òmíràn wà lára? Ṣé bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní irú ẹ̀? Ṣé wọ́n ń rù sí i láìfẹ́?

Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́

Ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ wò ó láti iwájú, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ torí ìmọ́lẹ̀ tó bá dojú kọ ọ́ gan-an máa ń jẹ́ kó tẹ́, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ló ń fi gíga ẹ̀ hàn. Kókó ọ̀rá sábà máa ń gbé awọ sókè bí òkìtì kékeré, awọ orí ẹ̀ á sì dà bí awọ ibi yòókù, kò ní í pọ́n, kò ní í ṣí, kò ní í ní ihò.

Ihò yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wá ojú dúdú kékeré kan láàárín ẹ̀, bí orí abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpò abẹ́ awọ, sísì, tó ní nǹkan funfun bíi wàràkàṣì tó ń rùn nínú, kì í ṣe kókó ọ̀rá.

Ẹ wo gbẹ́rẹ́ náà. Níbí l'Ékòó ọ̀pọ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ máa rí ilà wẹ́wẹ́ dúdú tó tò lórí kókó náà, ìgbà míì àpá iná tàbí ibi tí wọ́n fi ewé gbígbóná lé. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì bú wọn, ẹ ṣáà bi wọ́n ìgbà tí wọ́n sín in. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé àpá gbẹ́rẹ́ lè jẹ́ kí awọ lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ fa awọ yẹn sókè tí kò bá fẹ́ wá, ẹ máa rò pé kókó náà ti ń jẹ awọ nígbà tó jẹ́ pé àpá lásán ni. Ibi tí gbẹ́rẹ́ ò dé ni kẹ́ ẹ ti dán an wò.

Awọ tó ń dán tó fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yọ gọọrọ lórí kókó ńlá, ojú tó ti bẹ́, ìwọ̀nyí ò sí nínú ohun tí kókó ọ̀rá lásán máa ń ṣe. Ẹ tún rántí pé lára àwa aláwọ̀ dúdú eéwo kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ó máa ń dúdú sí i ni, á máa dán, torí náà ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wá ooru ẹ̀.

Ọwọ́ wá kàn

Ẹ̀yìn ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa kàn án, ẹ fi kan kókó, ẹ fi kan òdìkejì ara. Kókó ọ̀rá kì í gbóná ju ara lọ. Tó bá gbóná tó sì dùn wọ́n, ẹ ronú eéwo. Oríṣi kókó ọ̀rá kan wà tó ṣọ̀wọ́n, hibernoma, tí ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ tó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ láìsí eéwo kankan, àmọ́ ẹ ò ní í fọwọ́ mọ ìyẹn, síkáànù àti àyẹ̀wò ló máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ fi orí ìka méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kókó ọ̀rá máa ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò fún búrẹ́dì, tẹ́ ẹ bá ń yí ìka ká a ẹ máa gbọ́ pé kò dán gbọrọrọ, ó ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ nínú, bí ọsàn tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀ tẹ́ ẹ wá di aṣọ fẹ́lẹ́ lé e lórí.

Ẹ wá etí ẹ̀ wàyí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé orí ìka kan sí etí kókó náà gan-an, ibi tó ti pàdé ara tó dáa, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀. Tó bá jẹ́ kókó ọ̀rá abẹ́ awọ, etí yẹn á yọ̀ kúrò lábẹ́ ìka yín, pọ́ọ́, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ hóró àgbálùmọ̀ tí omi ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Sísì kì í yọ̀ báyẹn, etí tiẹ̀ kàn máa ń wọlé díẹ̀ lábẹ́ ìka ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ yíyọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ yín ò ní gbàgbé ẹ̀, àmọ́ ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lára èèyàn mẹ́wàá kó tó yé ọwọ́ yín, ìwé ò lè kọ́ yín níyẹn.

Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fa awọ orí ẹ̀ sókè. Awọ gbọ́dọ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá fún kókó náà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ lè rí i tí awọ orí ẹ̀ ń jìn wẹ́wẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò burú, àwọn okùn tín-ínrín tó so awọ mọ́ ọ̀rá ló ń fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbá gbogbo kókó náà mú, ẹ tì í lọ sókè, sísàlẹ̀, ẹ tì í lọ sọ́tùn-ún, sósì. Tó bá ń rìn níbi gbogbo, ó dáa. Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹran ṣiṣẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, ibí yìí gan-an ló sì ń sọ kókó tó wà lókè awọ fẹ́lẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ní kí ẹni náà lo ẹran tó wà lábẹ́ kókó yẹn nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ èjìká, kó gbé apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kejì dì í mú. Ọrùn ẹ̀yìn àti òkè ẹ̀yìn, kó sọ èjìká sókè. Iwájú itan, kó na orúnkún le. Ẹ̀yìn itan, kó dojú bolẹ̀ kó máa ká orúnkún kẹ́ ẹ máa tì í padà. Ikùn, kó dùbúlẹ̀ kó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Iwájú orí, kó gbé irun òkè ojú sókè bí ẹni tí ẹnu yà.

Tí kókó bá wà lórí awọ fẹ́lẹ́, á túbọ̀ yọ síta, á sì ṣì máa rìn. Tó bá wà nínú ẹran, á dì pa, kò ní í rìn mọ́ títí ẹran á fi dẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ ẹran, á sá wọlé, ẹ ò ní í fẹ́ẹ̀ rí i mọ́.

Mo rántí awakọ̀ kan tó wá bá wa, èèyàn bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta, dánfó ló ń wà. Ẹ̀yìn itan ọ̀tún ẹ̀ wú. Níbì kan tó ti kọ́kọ́ lọ wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró, wọ́n ní ọ̀rá lásán ni, kó máa lọ, kó pa dà wá tó bá ń dùn ún. Kò dùn ún. Ó ń wakọ̀ ẹ̀ lọ, ìjókòó ló kàn ń nira, ó wá ń fi tìmùtìmù sábẹ́ itan kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa èmi náà tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró, ó rọ̀, mi ò ní purọ́, ọkàn mi ti ń sọ pé ọ̀rá ni. Mo ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹ ká orúnkún, ẹ jẹ́ kí n tì í padà." Bí ẹran itan yẹn ṣe gbéra báyìí, kókó náà dì, ó wọlé, ó dúró gbagidi lábẹ́ ọwọ́ mi bí ìgbà téèyàn ti ilẹ̀kùn. Mo wọ̀n ọ́n, sẹ̀ntímítà 14. A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án lọ́jọ́ yẹn, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ọ̀rá ni. Láti ìgbà yẹn kò sí kókó kan tí mo fọwọ́ kàn tí mi ò ní kí ẹran abẹ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ibi méjì wà tó ń tan èèyàn jẹ. Iwájú orí ni ọ̀kan: kókó ọ̀rá ibẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ ẹran tín-ínrín tó ń gbé irun òkè ojú sókè, torí ẹ̀ ó máa ń le bí egungun, kì í sì í rìn dáadáa, àmọ́ ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di jẹjẹrẹ. Èkejì ni abẹ́ eegun pẹlẹbẹ èjìká lára àwọn màmá àgbà: nǹkan á yọ síbẹ̀ tí wọ́n bá na apá síwájú, á wọlé tí wọ́n bá sọ apá kalẹ̀, ìgbà míì ó wà lápá méjèèjì. Wọ́n ń pè é ní elastofibroma, òun náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ kí síkáànù fi hàn.

Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ má sọ pé "ó tóbi díẹ̀". Ẹ fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n lóròó, ẹ wọ̀n ọ́n níbùú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Sẹ̀ntímítà 5 ni ààlà tí a ń lò, bí ínṣì méjì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó ń tóbi sí i, tàbí tó wà lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́, tàbí tó ń dunni, tàbí tí wọ́n ti gé e tó tún hù, ọ̀kan péré nínú márùn-ún yìí ti tó láti fi ẹni náà ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni jẹjẹrẹ o, ọ̀pọ̀ ni kò ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ lásán ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a sílẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń fara wé e

Ọ̀rá rọ̀ gan-an nínú ara torí ara gbóná, torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ kan ẹ lè gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ kejì ń gbéra bíi pé omi ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ dọ́kítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti torí ẹ̀ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti fa omi tí ò sí. Ẹ pa iná, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́: kókó omi ọrùn ọwọ́, ganglion, á tàn rekete. Kókó ọ̀rá ńlá náà lè tàn díẹ̀, torí ẹ̀ ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan.

Tó bá wà ní ikùn tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn, ẹ ní kó húkọ́ lórí ìdúró. Tó bá ta sí ọwọ́ yín tó sì ṣeé tì wọlé, ìpá ni. Ẹ gbé ìka lé e fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá, tó bá ń lù bí ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kókó tó wà láàárín gbùngbùn ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọdé, pàápàá tí irun tàbí ihò bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé e, ó lè so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti ọmú, kílíńìkì ọmú ni kó lọ, ẹ má fi ọwọ́ nìkan pè é ní ọ̀rá.

Ọ̀rá tó ga lẹ́yìn ọrùn tí ò ní etí, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìpara tí wọ́n fi ń bóra àti oògùn tí wọ́n ń lò, torí sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń wà nínú àwọn kan lára wọn, tó bá pẹ́ nínú ara, ó máa ń kó ọ̀rá jọ síbẹ̀. Ẹ fọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ béèrè, kò rọrùn fún wọn láti sọ. Ọ̀rá tó yí ọrùn ká bí kọ́là lára ẹni tó ti mu ọtí gidi fún ọdún pípẹ́, ìyẹn náà ní orúkọ tiẹ̀, Madelung. Kókó wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lápá ọ̀dọ́kùnrin tó ń dùn ún tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, angiolipoma ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn ìdílé kan sì wà tí bàbá, ọmọ, àbúrò, gbogbo wọn ló ní púpọ̀ lápá àti itan.

Ẹ kọjá kókó yẹn

Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ti apá, ẹ fọwọ́ wá lílù iṣan ní ọrùn ọwọ́, ẹ ní kó na ìka márààrún sókè, torí kókó ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ lè fún nerve, ìyẹn fọ́nrán tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọpọlọ wá kí ìka lè nà, ìka á wá wọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ti itan, ẹ wá lílù iṣan lórí ẹsẹ̀, ẹ fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ bi í bóyá ó gbọ́. Ẹ fọwọ́ wá kókó míì ní abíyá àti níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹ tẹ ikùn náà, torí jẹjẹrẹ ọ̀rá fẹ́ràn itan, ó sì fẹ́ràn ẹ̀yìn ikùn níbi tí ojú ò tó, ikùn á kàn máa tóbi, wọ́n á ní àwọn ń sanra.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú fáìlì, ẹ kọ ọ́ báyìí: ẹ̀yìn èjìká òsì, 4 ní 3 sẹ̀ntímítà, ó rọ̀, etí ẹ̀ ń yọ̀, ó ń rìn, ó túbọ̀ yọ síta tí ẹran bá le, kò gbóná, kò dunni, kò sí ihò, gbẹ́rẹ́ mẹ́ta lórí ẹ̀, lílù iṣan dáa. Ẹni tó bá kà á lọ́dún tó ń bọ̀ á mọ̀ bóyá ó ti yí padà. Èyí tó bá rí báyìí, ẹ lè sọ fún màmá pé kò dà bí nǹkan burúkú, kí wọ́n wá tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tètè wá tó bá ń dàgbà. Tó bá ń dí wọn lọ́wọ́ láti gbé ẹrù tàbí tó ń há sábẹ́ okùn bùrẹ́sáyà, wọ́n lè yọ ọ́.

Èyí tó bá ti ní ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e ní kílíńìkì àdúgbò. Ọsibítù ńlá LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, ọsibítù eegun ti Igbóbì wà fún ti apá àti ẹsẹ̀. Síkáànù ló máa ṣáájú, MRI tẹ̀ lé e tó bá jìn, àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ gangan ló sì yẹ kó mú ẹ̀yà kékeré ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, torí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé, wọ́n máa ní láti yọ òun náà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wọ́ ọ, kí wọ́n má fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n má sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ kọ orúkọ kílíńìkì tí wọ́n ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n máa ń gba èèyàn sórí ìwé fún wọn, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ọmọ wọn kan, kẹ́ ẹ pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bóyá wọ́n ti lọ.

Gbogbo kókó tí wọ́n bá sì yọ, títí kan èyí tó dà bí ọ̀rá pátápátá, inú fọ́máláìnì, omi tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, ni kó wọ̀ kó lọ sí láàbù pẹ̀lú orúkọ lára ike, kì í ṣe inú garawa ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá yọ okùn tí wọ́n fi rán ojú abẹ, ìwé èsì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè.